NVDA: Ohùn tó ń kàwé fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, tó ti Kábà tàbí Ìsánlú wọ yunifásítì, kò gbọdọ̀ máa dúró de ẹni tí yóò kàwé fún un. NVDA, ètò kọ̀ǹpútà tí àjọ NV Access ní Ọsirélíà ń ṣe, ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà Windows sókè. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, àǹfààní ńlá sì nìyẹn níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀.

Bọ́tìnnì Insert ni ìdí iṣẹ́: Insert pẹ̀lú N ń ṣí àkójọ ètò. Ẹ kọ́kọ́ dín ìyára ohùn kù, nítorí ó le bí irin létí ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù lè gbé ẹ̀dà NVDA sórí fláṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà yẹn kì í sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà láti wọ Windows. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín ṣí ẹ̀rọ ná.

Ìṣòro gidi ni ìwé tí wọ́n fi fóònù yà, tí wọ́n sọ di PDF. Àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀, NVDA yóò kàn dákẹ́. Lórí Windows 10 tàbí 11, Insert pẹ̀lú R máa ń gbìyànjú láti yọ ọ̀rọ̀ jáde, àmọ́ ojú ìwé tó wọ́ tàbí tó ṣókùnkùn yóò di pálapàla. Ẹ tètè béèrè fáìlì Word tí olùkọ́ tẹ̀ gan-an, kí sẹ́mẹ́sítà tó wọra. Gíráàfù ṣì nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu.