Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí adágún Volta, àti ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé

Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ni, n kì bá tí kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti dé Akosombo ní orílẹ̀-èdè Ghana rí mọ bí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe ń rí: àga, orin, ẹja yíyan, fọ́tò. Ẹ jẹ́ n lọ síbi tó ká mi lára.

A ti wọkọ̀ tán nígbà tí ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó ju ọ̀kan sí mi lẹ́sẹ̀, ó ju irú ẹ̀ gan-an sí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ike tí wọ́n fi ń há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ti kán, okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi so ó. Mo ní kó bá mi wá ti ọmọdé. "Màdámù, ẹ ṣáà fún okùn ẹ̀ dáadáa." Mo di jákẹ́ẹ̀tì náà mú léjìká, mo gbé e sókè níṣojú ẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì gbéra, ọmọ jókòó sílẹ̀.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín! Ó ní adágún lásán ni, kì í ṣe òkun.

Adágún lásán kẹ̀? Nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù Akosombo, tó sé odò Volta tó fi di adágún yìí, láàárín 1961 sí 1965, ọ̀pọ̀ igbó ni wọn ò gé kí omi tó bò ó. Àwọn igi yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ omi níbi púpọ̀, wọ́n sì ti dojú ọkọ̀ dé, èèyàn sì ti bá a lọ. Mo ní mi ò lọ. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀: ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, owó ẹ̀ ti wọgbó. Àwọn èrò náà ti ń kùn sí mi.

Ìgbà náà ni awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ látòkè, bàbá kan tó wọ sálúbàtà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fa okùn búlúù yẹn, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó padà sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, orin náà kú. Ó ní kí ọmọkùnrin yẹn gun ọ̀kadà lọ mú ti ọmọdé wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò ní kúrò. A jókòó sínú oòrùn títí. Ó padà dé pẹ̀lú mẹ́ta, tuntun, wọn ò tíì já wọn kúrò nínú ọ̀rá! Wọ́n ní i láti ọjọ́ yìí wá! Bàbá fúnra ẹ̀ kúnlẹ̀, ó há a fún ọmọ, ó dì í mú léjìká, ó gbé e. Ẹsẹ̀ ọmọ kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Ó yá."

Mi ò mọ ìgbà tí inú mi rọ̀. Òkè tútù yọ̀yọ̀ lọ́tùn-ún lósì, omi lọ salalu, àwọn apẹja ń juwọ́ sí wa látinú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Tílápíà wọn dùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ńkọ́? Ẹ má bèèrè.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ohun tí à ń wò. Omi tó fẹ̀ tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó, tó lé nǹkan bí 80,000 èèyàn kúrò nílé bàbá wọn! Dáàmù tí Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Ghana, ṣí ní oṣù Kìíní 1966, tí àwọn ṣójà gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e! Orin ṣáá ni wọ́n ń fi dí wa létí. Tọkọtaya kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá Ọlọ́run ló dá adágún náà síbẹ̀, bí mo ṣe di amọ̀nà láìgbowó nìyẹn.

Máàkì: 2 nínú 5. Màmá mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, mo ti sanwó tiwọn sílẹ̀, ìjókòó òkè, lọ́jọ́ tí bàbá yẹn bá wà lẹ́nu iṣẹ́.