Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì

Ẹni tó bá ń kánjú kó má wulẹ̀ gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ tí mo fi àbá ìwé ìtàn agbègbè mi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì kan títí dọjọ́ tí ìwé tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọdún mẹ́ta ó dín oṣù kan ni. Síbẹ̀, bí mo bá tún kọ òmíràn, ibẹ̀ náà ni mo máa gbé e lọ.

Àbá yẹn ò le: ohun tí ìwé dá lé, irú ẹni tó máa rà á, àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ tó jọ ọ́, pẹ̀lú orí méjì. Olóòtú wá bi mí pé, “Kí ni ẹni tí kò mọ agbègbè yìí rí máa rí dì mú níbẹ̀?” Inú bí mi. Ṣé kì í ṣe ìtàn ni? Àfi ìgbà tí mo jókòó láti fèsì tí mi ò rí nǹkan kan sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún onímọ̀ méjì ní odindi iṣẹ́ náà kà, wọn ò sì sọ orúkọ wọn fún mi. Oṣù méje gbáko. Ẹni àkọ́kọ́ yìn mí ní ojú ewé kan, kò sì wúlò fún mi rárá. Ẹnì kejì kọ ojú ewé mọ́kànlá. Ó ní ní orí kẹta, afárá ti wó. Ní orí keje, àwọn oníṣòwò ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó tún ka ibi mọ́kàndínlógún tí mo ti kọ “àwọn àgbà sọ pé” láìsọ àgbà wo, níbo, nígbà wo. Mo padà sínú àwọn ìwé tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ibi mẹ́rin, bàbá kan ṣoṣo ni gbogbo “àwọn àgbà” mi. Ojú tì mí. Nítorí ojú ewé mọ́kànlá yìí nìkan, mo dárí gbogbo ìyókù jì wọ́n.

Ìyókù ọ̀hún kò sì kéré. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ wọn fọwọ́ sí i ni àdéhùn tó dé. Wọ́n ka àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé mọ́ iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà mí láyè, èmi ò sì fọkàn sí i. Mo gé orí kan dànù. Owó tèmi lórí ìwé tí wọ́n bá tà, orí iye tó wọlé fún wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Àwòrán: èmi ni mo wá àṣẹ, èmi ni mo sanwó. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ kan gbà kí n lo fọ́tò wọn nínú ìwé orí pépà nìkan, nítorí náà ààyè òfìfo ló wà níbẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kà lórí kọ̀ǹpútà.

Atọ́ka ẹ̀yìn ìwé, ìyẹn àtòjọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n wà, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èèyàn ò lè ṣe é àfi tí nọ́ńbà ojú ewé bá ti dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà kọ orúkọ ìlú kan. Àtúnṣe ní àkókò yẹn, bó bá ti pọ̀ jù, owó ni.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó ṣẹ́kù ni iye owó ìwé. Ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n ṣe fún ilé ìkàwé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, àwọn tó ni ìtàn ò sì lè rà á. Wọ́n ṣèlérí ẹlẹ́yìn rírọ̀ fún mi lẹ́nu, kò sí nínú àdéhùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹ̀dà mẹ́fà ni wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbé ọ̀kan lọ fún bàbá tí mo fi ṣe “àwọn àgbà”. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé tààrà, ó fi ìka tọ atọ́ka náà wálẹ̀ títí ó fi kan orúkọ rẹ̀, ó ní, “Ojú ewé mẹ́rin péré?”