Sípíà táyà tó wúwo lórí ọkọ̀-ilé: abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀, àbí inú àpótí ẹrù?

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa fi gbé sípíà táyà sórí ọkọ̀-ilé yín, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bó ṣe ń rin ìrìn àjò, bí táyà náà ṣe dúró digbí lórí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́, ohun tí ẹ máa bá yí ni bí sípíà ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, àti bí èyí tó bẹ́ ṣe máa gòkè padà sí àyè rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì. Èyí tó bẹ́ tiẹ̀ tún le í mú, torí ẹrẹ̀ àti wáyà tó ti yọ síta lára rẹ̀. Ìdajì kejì iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi oníṣòwò léèrè.

Mo ti lo èyí tó ń fi wáyà rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, èyí tó ní apá irin lẹ́yìn ọkọ̀ ni mo sì ń lò báyìí. Àwọn yòókù, mo ti bá àwọn tó ni wọ́n gbé e, mo sì ti bá wọn tú u. Sísọ̀ àti gígòkè ni mo máa fi wọn gbogbo wọn.

Ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ná

Ọkọ̀-ilé tí rímù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16, táyà pẹ̀lú rímù onírin rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 30. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gbé e. Ti ínṣì 19.5 ń sún mọ́ 50. Ti ínṣì 22.5, tó wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀-ilé ńláńlá, máa ń tó nǹkan bí 80 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti dé 50, kí ẹnikẹ́ni má dá a gbé. Bó bá dé 80, èèyàn méjì gan-an kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán gbé e dé àyà. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá rí àwòrán ìpolówó tí ẹnì kan ti ń fi ẹ̀rín gbé táyà sórí irin.

Èyí tó ń rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀

Oore rẹ̀ kò kéré. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò dí ẹ̀yìn ọkọ̀, oòrùn kì í sì pa á. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ kò ní náwó kún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wáyà onírin kan lọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré kan nínú àpótí irin tí wọ́n dé pa; wínṣì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Àwo irin kan wà nísàlẹ̀ wáyà náà, ó gba ihò àárín rímù kọjá, òun ló sì gbé táyà dúró. Ẹ máa ti ọ̀pá gígùn bọ ihò kan nítòsí bọ́m̀pà, ẹ máa fi tọ́ka kiri títí á fi bọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ óò wá máa yí i. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, lọ́sàn-án gangan, tí wáyà ṣì jẹ́ tuntun, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀.

Àmọ́ inú gbogbo ohun tí táyà ń ta sókè ni wáyà yẹn ń gbé: omi, eruku, òkúta wẹ́wẹ́, àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Gírísì tí ẹ bá fi pa á kì í dé apá tó lọ́ sínú àpótí irin, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń dípẹtà. Lọ́jọ́ tí mo nílò tèmi, ó sọ̀ títí ó fi ku nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì kó kanlẹ̀, ó bá há. Bí mo yí i síhìn-ín, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú. Bí mo yí i sọ́hùn-ún, ọ̀pá náà ń tẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò gòkè, kò sọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ẹni tó wá yọ mí tó fi ẹ̀rọ ìgérin gé wáyà náà. Nígbà tí táyà sì já, ṣe ló dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó wá di dandan kí á fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè kó tó ṣeé wọ́ jáde. Owó ẹni tó wá yọ mí, owó wínṣì tuntun, owó wáyà tuntun, èmi ni mo san gbogbo rẹ̀. Èyí tó bẹ́ kò wá níbi tó máa rọ̀ sí mọ́. Inú yàrá ló sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òórùn rọ́bà tó jóná sì gba gbogbo inú ọkọ̀.

Ká tiẹ̀ ní wáyà pé. Táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, tó bá dùbúlẹ̀, gíga rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 23. Àyè tó wà láàárín bọ́m̀pà àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí lọ kí táyà tó lè jáde, ó sì gbọ́dọ̀ jù ú lọ nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan ti lọ sílẹ̀ tí ọkọ̀ sì ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó dagẹrẹ. Iwájú ilé oníṣòwò máa ń tẹ́ju. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í sábà tẹ́. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Bí àyè náà bá kéré, ẹ óò ní láti gbé ọkọ̀ sókè kí ẹ tó rí sípíà yọ, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gbé yín síbẹ̀ gan-an.

Gígòkè le ju sísọ̀ lọ. Ẹ máa dojú bolẹ̀, ẹ máa nawọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ máa dá àwo irin yẹn gẹ̀gẹ̀rẹ̀ kó lè gba ihò rímù, ẹ máa tọ́ ọ kó tẹ́, kí ẹ tó dìde lọ yí ọ̀pá. Bí kò bá tẹ́ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa fi gòkè, yóò sì máa mì lójú ìrìn títí wáyà yóò fi jẹ. Ẹnu fáàfù rẹ̀ tún sábà máa ń kọjú sókè; bí ẹ kò bá fi rọ́bà gígùn fà á jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ kò ní mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa tán.

Apá irin lẹ́yìn ọkọ̀

Èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ṣáṣíì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n dè mọ́ bọ́m̀pà ẹlẹ́gẹ́, mọ́ àkàbà tàbí mọ́ ògiri ẹ̀yìn, ẹ má dá a láṣà rárá. Fáíbà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù ni ògiri ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá sì wọ̀ ni táyà máa fi jà á gbà.

Apá tèmi ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin kékeré kan sì yọ síta lórí rẹ̀ tí wínṣì ọlọ́wọ́ wà lára rẹ̀. Mo máa ṣí àgádágodo, mo máa kọ́ bẹ́líìtì wínṣì mọ́ rímù, mo máa tú nọ́ọ̀tì, táyà á wá máa sọ̀ ní òòró títí yóò fi kanlẹ̀. Òòró tó ń sọ̀ yìí ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Táyà tó bá wà ní òòró, yíyí lẹ máa yí i lọ síbi tí ẹ ti nílò rẹ̀. Èyí tó bá dùbúlẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé e dìde, ibẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ti ń yẹ̀. Èyí tó bẹ́ náà, ọ̀nà tí sípíà gbà sọ̀ ló máa gbà gòkè: mo yí i wá, mo kọ́ bẹ́líìtì, mo yí wínṣì, mo de nọ́ọ̀tì. N kò kúnlẹ̀, n kò rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀ kankan. Gbogbo irin rẹ̀ ló sì hàn síta. Ibi tó bá fẹ́ dípẹtà, nọ́ọ̀tì tó bá ń tú, ojú máa kàn án nígbàkígbà tí ẹ bá yí ọkọ̀ ká.

Àbùkù rẹ̀ tó ga jù ni ìwọ̀n tó jókòó sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní táyà àti apá irin jẹ́ kìlógíráàmù 80, kí àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 5, kí táyà sì wà ní mítà 2.5 lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kì í ṣe 80 ló máa kún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, 120 ni. 40 á sì fò kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú tí ẹ fi ń darí ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú omi tó kún àti ẹrù tó pé, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀ àti ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi wé ìwọ̀n tó ga jù tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé, èyí tí wọ́n kọ sára àwo ọkọ̀ yín. Bí àyè bá wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá sí, ẹ kó ẹrù mìíràn kúrò lẹ́yìn.

Oòrùn ń kan táyà ẹ̀yìn: ìbòrí kan ti tó o. Ó lè bo iná ẹ̀yìn, nọ́ńbà tàbí kámẹ́rà: ẹ wò ó kí wọ́n tó lu ihò bóòtù. Olè: àgádágodo tó nípọn.

Èyí tó ń wọ ihò tí a fi ń fa ọkọ̀ mìíràn

Ó rọrùn láti rà, ó rọrùn láti fi sí. Ó ń mì, ó ń pariwo, ó sì máa ń gba ihò náà mọ́ ẹni tó bá ń fa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé ọkọ̀-ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má wo iye ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ihò náà pé ó lè gbé nìkan. Nínú àwọn ọkọ̀-ilé tí ìdí wọn gùn, irin tí wọ́n jó mọ́ ṣáṣíì láti fi sún un sẹ́yìn ni ihò náà dúró lé, agbára irin àjópọ̀ yẹn sì lè kéré sí ti ihò fúnra rẹ̀.

Òrùlé: ẹ má gbé e síbẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gbé kìlógíráàmù 50 sọ̀ lórí àkàbà lójú títì láìfara pa.

Táyà lásán, láìsí rímù, nínú àpótí ẹrù

Ẹ̀yin tí rímù yín jẹ́ 22.5, ẹ dúró síbí. Nọ́ọ̀tì irú táyà yìí, wọ́n sábà máa ń fún un dé nǹkan bíi 610 sí 680 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n fi yí nọ́ọ̀tì), nígbà tí ti ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 140 lọ. Spánà ọwọ́ lásán kò ní tú u, fokanáísà tó ní ẹ̀rọ ńlá ló máa wá bá yín. Bó bá ti jẹ́ pé òun ló máa tú u náà ni, kí ni ẹ ń gbé rímù onírin tó ju kìlógíráàmù 30 kiri fún? Táyà ló sábà máa ń bà jẹ́, rímù kì í sábà ní nǹkan kan. Ohun tí fokanáísà kì í sábà ní lọ́wọ́ ni táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tiyín mu, pàápàá lóru tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé táyà náà dání, kó bá yín fi sí rímù tó ti wà lára ọkọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni àyè. Táyà 255/80R22.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà kan tó bá dúró, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àpótí ẹrù kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ wọlé, bí ẹ bá rí ẹni bá yín gbé e.

Àwọn kan kì í gbé sípíà rárá, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ń yọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí táyà yín bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, ó ṣeé ṣe. Bí kò bá wọ́pọ̀, ẹ lè sùn síbẹ̀ kí wọ́n tó rí i rà.

Bí a ṣe ń mú un

Ẹ máa yí i, ẹ má gbé e. Pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sí ojú bóòtù máa jẹ́ kó rọrùn láti yí i díẹ̀díẹ̀ títí ihò á fi bá ara wọn mu. Ẹ fi irin gígùn há abẹ́ rẹ̀, ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ sókè. Kí ìka ọwọ́ má wọ àárín táyà àti irin. Kí ara má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì tí wọ́n kọ DOT ṣáájú rẹ̀ lára táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtalélógún ọdún 2019. Táyà ń gbó láìrìn, kò yẹ kí ó kọjá ọdún 10 bí ojú rẹ̀ ṣe wù kó dáa tó.

Èwo ni kí ẹ rà?

Onírímù 16 tí kì í rìn lójú ọ̀nà oníyọ̀ tàbí oníẹrẹ̀ lè fi tiẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, bó bá máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó pààrọ̀ wáyà kó tó di pé ó dípẹtà. Onírímù 22.5, kó gbé táyà lásán, bí àpótí rẹ̀ bá gbà á. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, àti onírímù 16 tó ń rin ìrìn àjò jìnnà, apá irin tó dì mọ́ ṣáṣíì tó sì ní wínṣì tirẹ̀ ni kó rà, bí òṣùwọ̀n bá ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé e. Owó rẹ̀ ga ju ti èyí tó ń wọ ihò lọ, kò sì ju ohun tí ọjọ́ kan péré lójú títì lè gbà lọ́wọ́ yín.

Èyí yòówù kó jẹ́, ẹ ní kí oníṣòwò gbé táyà tó jẹ́ ìwọ̀n tiyín sórí rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gbé e padà sókè, láìsí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kankan nítòsí. Bó bá ní àfi kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun bá yín gbé e, ẹ gbé owó yín lọ sí ibòmíràn.