Nissan Leaf tòkunbọ̀ l'Ábùjá: ẹ wo bátìrì kẹ́ ẹ tó wo bọ́dì

Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wa Nissan Leaf tòkunbọ̀ láti Kubwa lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse, àwọn èèyàn ò sì yéé bi mí pé ṣé ọkọ̀ tí kì í mu epo yìí dáa. Ó dáa o. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa bá lára mu, torí bátìrì gan-an lẹ̀ ń rà, bọ́dì kàn bá a wá ni.

Owó ná. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, gbogbo wa la mọ ohun tójú wa ń rí nílé epo, lítà tí ò tó igba náírà nígbà yẹn ló wá ń lé bá ẹgbẹ̀rún kan yìí. Band A ni iná àdúgbò wa, yúnìtì kan ń lọ bíi ₦209, torí náà bátìrì 24 kWh (yúnìtì mẹ́rìnlélógún nìyẹn) tó bá kún látòkè délẹ̀ á gba bíi ₦5,000, á sì gbé yín tó 90 kìlómítà bí kò bá tíì gbó. Ẹ wo iye lítà tí ₦5,000 ń rà, kò pé mẹ́fà, ṣé Corolla lè fi ìyẹn rìn tó bẹ́ẹ̀ nínú go-slow Nyanya? Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí pọ́lọ́ọ̀gì, kò sí fáànù bẹ́ẹ́tì. Tí ọ̀nà bá dí, AC ń fẹ́, ọkọ̀ ò dún pín-ín, ẹ̀yin náà ẹ ò ní máa ro epo tó ń jó lásán.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Leaf ò ní omi tó ń tu bátìrì ẹ̀ lára, atẹ́gùn lásán ló gbójú lé, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Ní 2012 làwọn tó ń lò ó ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, pariwo pé bátìrì àwọn ń joro, oòrùn ibẹ̀ sì jọ tiwa dáadáa. Ẹni tó wà ní Sókótó tàbí Maiduguri, níbi tóòrùn ti ń kọjá 40 lóṣù kẹrin, kó rò ó dáadáa. Bátìrì àwọn tó jáde láti 2015 wá ń fara da ooru ju tàkọ́kọ́ lọ, èyí tí mo bá fẹ́ kẹ́ ẹ wá nìyẹn, tápò bá sì gbè é, ẹ mú 40 kWh tó jáde ní 2018. Ẹ máa gbé e síbòji, ẹ má fi bátìrì tó kún dẹ́dẹ́ sá sóòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó, ẹ tan dáṣíbọ́ọ̀dù, ìlà kéékèèké méjìlá ló yẹ kó wà létí gééjì bátìrì. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá lọ ti kó bíi 15% lọ. Àmọ́ àwọn kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìlà yẹn padà kí wọ́n tó tà á (ọmọ aráyé!), nítorí náà ẹ ra OBD kékeré tó ní Bluetooth (ohun tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀ láti ka ara ẹ̀), ẹ fi LeafSpy, áàpù tó ń fi bí bátìrì Leaf ṣe lágbára tó hàn, sórí fóònù, ẹ kà á fúnra yín. Dílà tó bá ní kẹ́ ẹ má kà á, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣájà tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, ti iná 120 volt ni ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá fi sínú iná 230 tiwa ó lè jó. Ẹ wá èyí tó ń gba 230. Ọ̀pọ̀ ṣájà ni ò ní ṣiṣẹ́ tílé yín ò bá ní áàtì tó dáa, ilé rẹ́ǹtì mélòó ló sì ní in? Rewáyà tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pè. I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e rárá, ẹni tó bá sì fẹ́ máa fi jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣàájì ẹ̀, epo náà ló ṣì ń rà yẹn. Ẹni tó ń gbé ojúlé tí wọ́n ń pín mítà, ẹ má wulẹ̀ dá ìjà sílẹ̀.

Mẹkáníìkì Àpò á tún bírékì àti ṣáàkì ṣe láìsí wàhálà, àmọ́ wáyà aláwọ̀ ọsàn abẹ́ ẹ̀, bíi 360 volt ló ń gbé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n wá fi lọ sí Ìlọrin fún Iléyá. Lọ́kọ́ja nìkan ti tó bíi 200 kìlómítà. Ẹ wọ mọ́tò ní Jabi jàre.