Bíréèkì Olóìlì àbí Oníná fún Tírélà Ọkọ̀ Abẹ́ Omi?

Ẹrù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì kì í fẹ́ dúró nígbà tí ọkọ̀ tó ń fà á bá dúró, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré fi gbọ́dọ̀ ro ti bíréèkì tírélà rẹ̀ dáadáa. Bíréèkì olóìlì kò nílò wáyà kankan láti ṣiṣẹ́: bí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì, tírélà á ti ọkọ̀ iwájú, títì yẹn ni yóò sì ti óìlì lọ síbi àwọn táyà. Bíréèkì oníná, tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ń fẹ́ ẹ̀rọ ìdarí nítòsí ọwọ́ awakọ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí tírélà bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, awakọ̀ lè fi í di tírélà nìkan mú, èyí tí olóìlì kò lè ṣe.

Omi iyọ̀ ni ọ̀tá oníná, nítorí pé ó máa ń ba òòfà àti wáyà inú rẹ̀ jẹ́. Olóìlì náà ń dípẹtà, àmọ́ ó máa ń fara dà á bí a bá ń fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́. Bí a bá ń fi ẹ̀yìn gun òkè, olóìlì lè di táyà mú bí a kò bá kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. (Kò sí èyí tó lè wo ẹrù tí a kò tò dáadáa sàn: ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo náà ló yẹ kó wà lórí ibi ìsopọ̀ tírélà mọ́ ọkọ̀ iwájú.)

Ẹni tó ń ti tírélà wọ inú òkun lemọ́lemọ́, olóìlì ló bá a mu. Ẹni tó ń fi kíréènì gbé ọkọ̀ rẹ̀ sómi, tó sì máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gíga, oníná ni kó yàn.