Ilé ọtí kan ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́: ìgò tí wọ́n ti ṣí, àti àgàdàgídí tí wọn kì í tà

"Ọ̀gá, mo ti bá yín ṣí i."

Gbólóhùn yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Ọmọkùnrin tó gbé bíà Trophy wá fún mi lálẹ́ Ọjọ́rú kan lóṣù tó kọjá ló sọ ọ́, bí ẹni tó ṣe mí lóore ló sì ṣe sọ ọ́. Ìgò wà lórí tíréè, ife wà níbẹ̀, ìdérí ìgò ò sí. Mo ní, "Àbúrò, ìdérí dà?" Ó ní ó wà nínú ilé. Mo ní ta ló ní kó ṣí i. Ó ní èrò ti pọ̀ jù, pé tí òun bá ní kí òun máa ṣí i níwájú oníkálukú, ilẹ̀ á mọ́ bá òun síbẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Fírísà ni mò ń tún ṣe: ti àwọn tó ń ta ẹja dídì, ti àwọn ilé ìtajà oògùn, ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni iṣẹ́ ń gbé mi gba Ifẹ̀ àti Iléṣà wọ Àkúrẹ́, mo sì máa ń sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ti bá páìpù àti gáàsì wọ̀yá ìjà láti àárọ̀, ohun tó ń fẹ́ nírọ̀lẹ́ ò pọ̀: ìgò bíà kan tó tutù bó ṣe yẹ, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ẹran tó ta lẹ́nu. Mọ́tò mi máa ń wà ní hòtẹ́ẹ̀lì; kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wọ̀ lọ, òun náà ni mo ń wọ̀ bọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń wá ilé ọtí gidi kiri Àkúrẹ́. Àwọn tó wà lápá South Gate ti yunifásítì FUTA, owó wọn ò ga, pẹpẹ súùpù wọn sì dáa, ṣùgbọ́n orin wọn le débi pé ìka lẹ óò fi júwe iye ìgò tí ẹ fẹ́. Lápá Alágbàká, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ, bíà máa ń tutù, àmọ́ àsun tí wọ́n ń bù, ọmọdé ò lè yó níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kẹ̀! Ilẹ̀ tí gbogbo wa mọ àsun mọ́! Kò yẹ kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan síwájú àlejò níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́mu ojú ọ̀nà Ìdànrè ò ṣẹ̀ mí rárá, àfi pé ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ráyè, ẹmu àárọ̀ á sì ti kan. Nígbà kan tí mo ṣiṣẹ́ lọ sí Èkó, wọ́n mú mi dé ibi tí Bature Brewery wà ní Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń ta bíà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbogbo ọlọ́tí Àkúrẹ́ pé ṣé ẹnikẹ́ni ń pọn tirẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn.

Ilé ọtí tí mò ń wí yìí wà ní Ìjàpọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí mo rí wù mí. Abẹ́ páànù ni wọ́n to kéèsì ọtí wọn sí, oòrùn ò dé ibẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Oòrùn ń ba ohun tó ń mú bíà korò jẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìgò aláwọ̀ ewé bíi ti Heineken, torí ìgò yẹn ò lè dí ìmọ́lẹ̀ bí ìgò pupa ṣe ń dí i. Bíà tí oòrùn bá ti pa, ẹ óò gbóòórùn rẹ̀ bí asín. Nítorí kéèsì abẹ́ páànù yìí ni mo ṣe jókòó, tí mo sì béèrè Trophy, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Iléṣà kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọ́n.

Ó wá gbé e dé ní ṣíṣí.

Mo dà á sínú ife, kò hó. Trophy tó pé, tí ẹ bá dagun ife tí ẹ rọra dà á, ìhó funfun yẹ kó gun orí rẹ̀ tó ìbú ìka méjì. Èyí dákẹ́ lọ bí omi inú ọ̀rá. Mo gbé e sókè sí iná, mo rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń léfòó káàkiri inú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo tún ń wádìí: bíà yìí ti dì rí, ó sì ti yọ́. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 sí 3 Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo ni bíà máa ń dì. Omi inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ di yìnyín, gáàsì á máa wá ibi tó máa gbà jáde, ohun tó wá láti ara ọkà á sì ṣù jọ bíi wàrà tó bàjẹ́. Ẹ lè tún un gbé sínú fírísà nígbà ogún, kò ní padà sípò mọ́. Mo yọ tẹmómítà mi nínú báàgì, mo tì í bọ inú ife náà. Ó kà 13. Bíà irú èyí, láàárín 4 sí 7 ló yẹ kó wà.

Ọmọ náà ń wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé dókítà ni yín?" Mo ní rárá, fírísà ni mò ń tún ṣe, kó lọ gbé ìdérí ìgò yìí wá kí n rí i. Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó jáde, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìdérí kan wà níbẹ̀. Mo gbà á, mo yí i padà.

Ìdérí Star ni.

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Tí kò bá mú nǹkan kan wá, mi ò bá ní ó gbàgbé. Tó bá ní òun ti sọ ọ́ nù, mi ò bá gbà á gbọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó lọ ṣa ìdérí ọtí mìíràn nílẹ̀, kó gbé e fún mi bí ẹni tó ń gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́ta! Mo pariwo, kí n má parọ́. Mo ní ta ló mu nínú ọtí yìí kí wọ́n tó gbé e fún mi? Ta ló mọ ohun tí wọ́n dà sí i? Gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa ló mọ̀ pé ohun mímu tí wọn ò ṣí lójú ẹni, a kì í gbé e kan ètè. Ọmọ náà ò dáhùn. "Ẹ má bínú" lásán, kò sọ ọ́.

Bàbá kan tó jókòó sí tábìlì kejì ló sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ pe Màmá."

Màmá jáde pẹ̀lú àpò owó ní ìdí ìró. Kò bi mí ní nǹkan kan, kò sì bi ọmọ náà. Ó gbé ife náà, ó wò ó níwájú iná, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sílẹ̀. Ó da ìyókù sí ìdí igi máńgòrò. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ọtí yìí ò dáa." Gbólóhùn méjì péré, ìbínú mi wálẹ̀ dé ìdajì. Ó wọlé, ó gbé ìgò mìíràn jáde fúnra rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kàn án, kí n wo ìdérí rẹ̀, ó tó ṣí i níwájú mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún! Ó hó, ó gun, ìhó náà dúró. Mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lójú rẹ̀. Ó kà 5. Mo mu ún, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà tọkàntọkàn.

Àsun dé lẹ́yìn ìyẹn. Awọ ewúrẹ́ ṣì wà lára ẹran, òórùn èéfín wà nínú rẹ̀, ata rodo pé, àlùbọ́sà tútù, ó sì kún àwo. Mi ò ní ẹjọ́ kankan nípa rẹ̀.

Inú mi ti rọ̀ nígbà yẹn ni mo bá bi Màmá ní ìbéèrè àtijọ́ mi: ṣé ẹnì kan ń pọn ọtí tirẹ̀ ní Àkúrẹ́? Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró." Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó gbé jọ́ọ̀gì kan dé àti igbá kékeré.

Àgàdàgídí!

Mo ti gbọ́ orúkọ ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí lẹ́nu ìyá ìyá mi, mi ò fẹnu kàn án rí. Ó ki díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n lú omi mọ́. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá àlà ló kọ́kọ́ bá mi nímú. Ó dùn nígbà tó kan ahọ́n, kíkan tẹ̀ lé e, gáàsì inú rẹ̀ sì ń ta mí lẹ́nu fínnífínní, láìsí pé ẹnikẹ́ni rọ gáàsì sí i. Mo bẹ Màmá kó sọ bó ṣe ń ṣe é, ó sì fa àga jókòó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí èèpo rẹ̀ ti dúdú ni. Á bó o, á gé e, á rẹ ẹ́ sínú omi nínú ìkòkò, á dé e. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó sẹ́ ẹ. Kò sí ṣúgà ńbẹ̀, kò sì ra ìwúkàrà kankan. Èyí tó wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti nínú ìkòkò náà tó. Oko kòkó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń wá. Kòkó kékeré ò fẹ́ oòrùn líle, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn láti ṣíji bò ó, nítorí náà ibi tí kòkó bá wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí ilé lè jẹ tán lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wọn ṣe ń pọn ọ́n.

Bàbá tábìlì kejì ti gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ti fi ọkọ̀ kó ọtí rí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó rán wa létí ọdún 1988, nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọ Nàìjíríà, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi sá tọ ọkà bàbà lọ. Ó ní, "Wọ́n pè é ní ọgbọ́n tuntun. Àwọn tó ń pọn bùrùkùtù ní Sábó ńkọ́? Kí ni wọ́n ti ń fi pọn tiwọn látọjọ́ tó ti pẹ́?" Òótọ́ pọ́ńbélé ni: ọkà bàbà náà ni wọ́n ń fi pọn bùrùkùtù. Mo mu igbá méjì. Mo fẹ́ sanwó, Màmá kọ̀. Ó ní ilé lòun ń ṣe é fún, òun kì í tà á. Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń béèrè, ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìjàpọ̀ ni ìdáhùn wà!

Ibi tí ó yẹ kí n ti lọ sùn nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé owó wá. Màmá ti wọlé lọ sinmi, ọmọ náà ló wá kà á. Ẹ mọ̀ pé lórí tábìlì ni a máa ń fi ìgò òfìfo sílẹ̀ kí kíkà má bàa dìjà. Ó ka mẹ́rin. Mẹ́ta ni mo mu. Ìgò ọtí tó bàjẹ́, tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ dànù sí ìdí máńgòrò, ni ó kà mọ́ ọn! Mo ní, "Àbúrò, o wà níbẹ̀, o rí i." Ó ní, "Ọ̀gá, ìgò lèmi ń kà." Mo san án. Ilẹ̀ ti ṣú, bí owó náà bá sì dín, nínú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Kì í ṣe owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí rí mi lójú, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì sọ fún mi pé ohun tí mo rí, mi ò rí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó kọjá síbi iṣẹ́, mo yà bá Màmá, mo ní kó jẹ́ kí n wo fírísà rẹ̀. Méjì ni. Èkejì ò ní ìṣòro, inú ẹ̀ ni ìgò tí Màmá fúnra rẹ̀ gbé fún mi ti wá. Ti àkọ́kọ́, rọ́bà ẹnu ìdérí rẹ̀ ti ya lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀. Òtútù ń jò síta, nítorí náà àwọn ọmọ ti yí bọ́tìnì òtútù rẹ̀ dé ìparí. Bí iná bá wà lóru, àwọn ìgò tó fara ti ògiri inú rẹ̀ á dì gbagidi, àwọn tó wà lókè á sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ á yọ́. Mo ṣàlàyé, ó tẹ́tí. Ó béèrè iye tí rọ́bà ń jẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun á rò ó. Mo wọn ẹnu fírísà náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo sọ fún un nípa ìgò kẹrin pẹ̀lú. Ó fẹ́ dá owó náà padà, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó kàn ra ọ́pẹ́nà fún ọmọ náà, kó so ó mọ́ ọn ní ìbàdí.

Máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Mi ò ní fi ìdajì kún un títí wọ́n á fi máa ṣí ìgò lójú ẹni tó ń sanwó rẹ̀.

Mo ti ra rọ́bà náà ní Ìbàdàn, ó wà nínú báàgì mi. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa wọ Àkúrẹ́, mo sì ti pe Màmá pé kó bá mi rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.