Ẹ̀wù òjò tó ya lábẹ́ abíyá: ọjọ́ méjì mi lórí òkè Kinder Scout

£18 ni àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wá ẹni tó sọnù lórí òkè gbà lọ́wọ́ mi fún ẹ̀wù òjò tí mo háyà lọ́wọ́ wọn, yàtọ̀ sí owó ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì náà tí mo ti san láti oṣù méjì sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n gbé fún mi láàárọ̀ Sátidé ti ya lábẹ́ abíyá òsì, ọwọ́ mi gba ibẹ̀ kọjá. Mo fi han ọmọkùnrin tó jókòó sídìí káńtà. Kò gbójú sókè. Ó ní ìwọ̀n mi ti tán, èyí nìkan ló kù. Mo ní kó dá owó mi padà kí n lọ ra tèmi. Ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti sanwó, apá òun ò ká a, kí n kọ ímeèlì. Mo tọrọ téèpù tí mo lè fi lẹ̀ ẹ́. Ó ní inú ọkọ̀ ni téèpù wà, ọkọ̀ sì ti jáde. Mo ní tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́? "Kò ní rọ̀ púpọ̀." Ohun tó sọ nìyẹn, ní oṣù Kọkànlá, ní abúlé Edale, lábẹ́ òkè tó ga tó mítà 636, tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ ní gbogbo Peak District, agbègbè olókè kan ní England.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Àìsàn ìgbàgbé ń ṣe ìyá ọkọ mi. Lóru ọjọ́ kan, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣílẹ̀kùn jáde nílé wa ní Sheffield. Lójú tiwọn, Ọjà'ba n'Íbàdàn ni wọ́n ń lọ. Àwọn afínnúfíndọ̀ṣiṣẹ́ tó máa ń wá ẹni tó sọnù ló rí wọn kílẹ̀ tó mọ́, nínú igbó etí odò, sílípáàsì kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn èèyàn yẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ti ibẹ̀ gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ mọ máàpù kà lóru, kó sì lè ru ẹrù gun òkè. Ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sán dára. Wọ́n ní kí kálukú rìn 100 mítà lórí ilẹ̀ tẹ́jú, kó máa ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ balẹ̀, kó lè máa fi mọ bí òun ṣe rìn jìnnà tó nínú òkùnkùn. Tèmi jẹ́ 66. Nígbà tí a dé inú ilẹ̀ dúdú olómi tó wà lórí òkè, tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ní kòtò kòtò, ó di 90. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́yìn ọwọ́. Wọ́n tún kọ́ wa ní ìṣirò àkókò tí ìrìn lórí òkè máa gbà, èyí tí William Naismith, ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí o fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí o bá gùn. Lóru, nínú ìkùukùu, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ la jáde lọ wá "ẹni tó sọnù." Òjò dé. Omi gba abíyá wọlé, ó ṣàn dé ìbàdí, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù mí. Mo gbọ̀n títí, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé àárẹ̀ lásán ni. Mo fẹ́ fa síìpù báàgì mi, àtàǹpàkò mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ló rí mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín. Kò dé ibẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Kò dé ibẹ̀.

Kò bá mi wí. Ó fọn fèrè, àwa méjèèje pé jọ, ó fa aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan yọ nínú báàgì, ó dà á bò wá lórí, ó ní ká jókòó lé etí rẹ̀, kí orúnkún kan orúnkún. Bí àgbébọ̀ ṣe ń ràdọ̀ bo ọmọ ni aṣọ yẹn ṣe bò wá. Kò pẹ́ rárá tí èémí wa fi mú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù tútù lára mi, ó wọ tirẹ̀ tó gbẹ fún mi, ó fi tíì tó dùn lé mi lọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣe é ló ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù: tí inú ara èèyàn bá tutù débi pé kò tó 35 Celsius mọ́, ewu ti dé. Ẹni tó ṣì ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Ẹni tó tutù tí kò gbọ̀n mọ́, ẹ tètè pe ìrànlọ́wọ́: fèrè mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn. Omijé bọ́ lójú mi lábẹ́ aṣọ yẹn. Bí òtútù ṣe mú ìyá ọkọ mi létí odò rèé, láìsí tíì, láìsí ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ Sunday, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù tó ya náà lọ sídìí káńtà. N ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo kàn rí i pé ọmọkùnrin yẹn dìde dúró, téèpù sì jáde láti abẹ́ káńtà. Abẹ́ káńtà!

Lọ́jọ́ yẹn la gbé sítírẹ́ṣà, ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa, tí wọ́n di àpò iyanrìn 80 kìló sí. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìka mi ń ṣí fúnra wọn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú ní ká máa sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo sì sáré. Kò sẹ́ni tó ní ká máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ òun ló jọ iṣẹ́ náà jù. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ímeèlì mẹ́rin ni mo kọ lórí £18. Èsì kan ló wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: pé mo ti lo ẹ̀wù náà. Mo dáhùn pé ẹ̀wù olùkọ́ wọn ni mo wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Wọn ò fèsì mọ́.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún apá kejì ní oṣù Kẹta, torí ọmọbìnrin yẹn náà ló máa kọ́ wa. Mo ti ra ẹ̀wù òjò tèmi.